Sakichi Toyoda: Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí Ó Kọ́ Ẹ̀rọ Bí A Ṣe Ń Dúró

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ó pa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ? Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka wa á rántí bí ọdún ìkẹyìn ṣe máa ń rí. Ẹnì kan ń ka fáwẹ̀lì inú ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, ẹnì kan ń fi fóònù gba ohùn àwọn ọlọ́jà sílẹ̀, èmi ní tèmi mú ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀. Mo ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí ó wà nínú ìwé ìlànà ìtọ́jú ẹ̀rọ, irú ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dúró ti ẹ̀rọ náà ń fi Yorùbá bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìlànà tí mo mú ni èyí tí gbogbo ayé ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè, TPM. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí ìtọ́jú ẹ̀rọ alájùmọ̀ṣe, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó wà nílé iṣẹ́ ni ó kàn, kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan. Ìyẹn kò le. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo há sí.

Gbogbo wa mọ aládàáṣiṣẹ́. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì mofọ́lọ́jì: ohun tí ó ń dá iṣẹ́ ṣe. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Àwọn ará Japan náà ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, 自動. Èyí àkọ́kọ́ ni ara-ẹni, èyí kejì ni kí nǹkan máa mira. Ṣùgbọ́n ní ilé iṣẹ́ Toyota, wọ́n ń fi àmì kékeré tí ó dúró fún ènìyàn kún ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó wá di 働, èyí tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ ṣíṣe. Àmì yìí gan-an kò ti Ṣáínà wá bí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù. Àwọn ará Japan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, dō ni wọ́n ń pe méjèèjì. Etí kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà rárá, ojú nìkan ni ó lè rí i. Ènìyàn wà nínú àkọtọ́, kò sí nínú ohùn. Nígbà tí mo bi ara mi pé ta ni ó kọ́kọ́ fi ènìyàn sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìwé tí mo ṣí ń tọ́ka sí ẹnì kan náà.

Wọ́n bí Sakichi Toyoda ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1867, ní abúlé Yamaguchi, tí ó wà lábẹ́ ìlú Kosai ní ìpínlẹ̀ Shizuoka lónìí. Kò pé ọdún kan sí i tí ìjọba àwọn ológun àtijọ́ fi wó, tí agbára padà sọ́wọ́ ọba Meiji, tí Japan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ ohun tí àwọn òyìnbó ní. Ikichi bàbá rẹ̀ ń dáko, ó sì ń ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà. Owó kò sí nílé. Sakichi kò kàwé lọ títí. Ìwé kékeré ni ó kà kí ó tó kọ́ṣẹ́ igi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní agbègbè yẹn, òwú ni wọ́n ń hun, òfì sì wà ní ilé púpọ̀. Ìyá rẹ̀ náà ń hun. Bí ó ti ń wò ó tí ó ń fi ọwọ́ kan ju ọkọ̀ ìhunṣọ, tí ó ń fi èkejì fa igi tí ń ti òwú mọ́ra, tí ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ní 1885, ìjọba Japan gbé òfin kan jáde pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀dá ohun tuntun lè gba ìwé àṣẹ, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò lè jẹ èrè rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ abúlé tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ìwé, tí òfin wá sọ fún pé ohun tí ó wà lórí rẹ̀ lè di dúkìá. Láti ọjọ́ yẹn, igi tí ó yẹ kí ó fi kan ilẹ̀kùn ni ó ń fi gbẹ́ òfì. Ó ń kàn án, ó ń tú u, ó ń jó èyí tí kò dára. Bàbá rẹ̀ ń bínú, àwọn ará abúlé sì ń wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ní 1890, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní Ueno ní Tokyo, níbi tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ ilé àti ti òkèèrè jọ. Sakichi lọ. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ ni ó ń lọ, tí ó ń dúró síwájú ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún un, títí tí yóò fi mọ ohun tí ń ti ohun tí. Ní òpin ọdún yẹn, òfì onígi tirẹ̀ ti dúró. Ọwọ́ kan péré ni ó ń lò: bí ahunṣọ bá ti fa igi síwájú tí ó sì tì í padà, ọkọ̀ ìhunṣọ náà ń sáré kọjá fúnra rẹ̀. Aṣọ tí ẹnì kan ń hun fi ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ó sì tún gún régé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1891.

Ẹni bá rò pé owó dé nìyẹn kò mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn aṣẹ̀dá ṣe máa ń rí. Ó ṣí ilé ìhunṣọ kékeré kan ní Tokyo, ó wọlé. Ó padà sílé. Ó fẹ́ Tami, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Kiichiro, ní 1894, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyàwó náà fi kúrò nílé, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún àwọn òbí ọkọ. Àwọn ìwé tí ó ń yin Sakichi máa ń fi gbólóhùn kan kọjá níbí yìí. Èmi ò lè dá obìnrin náà lẹ́bi. Ọkọ tí kò sí nílé, bí ó bá sì wà nílé, ọ̀dọ̀ igi ni ó wà; owó kò wọlé, ọmọ ń sunkún. Ìyàwó kejì, Asako, ni ó wá bá a dúró ti òwò, ó sì mọ owó ṣírò dáadáa. Ohun tí ó yọ Sakichi nínú ìṣẹ́ kì í ṣe òfì rárá, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ká òwú ni, tí ó ṣe ní 1894, tí ó sì tà wàràwàrà.

Èrè rẹ̀ ni ó fi ṣe èyí tí ó tóbi jù. Ní 1896, ó parí ẹ̀rọ ìhunṣọ tí kò lo agbára ènìyàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ọmọ Japan ṣe. Igi ni èyí tí ó pọ̀ jù lára rẹ̀, irin díẹ̀ níbi tí ó nílò agbára, ẹ́ńjìnnì tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni ó ń yí i. Owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ẹ̀rọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí n máa kọ ìtàn rẹ̀ wà nínú ohun kékeré kan tí ó fi sára ẹ̀rọ yẹn.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti aláṣọ òkè rí ní Ìṣẹ́yìn yóò mọ̀ pé ojú nìkan kọ́ ni ó fi ń ṣọ́ òwú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Bí òwú kan bá já, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀, á dúró, á so ó, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ kò ní ọwọ́ tí ń gbọ́ nǹkan. Bí òwú tí ń kọjá níbùú bá já, yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ láìhun ohunkóhun. Bí ti òró bá já, yóò máa hun aṣọ tí ó ní àlàfo gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, kò sì ní mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣe yára tó ni yóò ṣe bàjẹ́ tó. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi ènìyàn dúró ti ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wò ó bóyá nǹkan á bàjẹ́. Sakichi ṣe é tí ẹ̀rọ 1896 náà fi ń dúró fúnra rẹ̀ bí òwú ìbú bá já. Nígbà tí ó yá, ó ṣe ti òró náà: irin pẹlẹbẹ kan wà lórí òwú kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n ìgbà tí òwú bá le, irin náà á so rọ̀ sórí rẹ̀, bí òwú bá já, irin á jábọ́, jíjábọ́ rẹ̀ ni yóò sì dá ẹ̀rọ náà dúró.

Mo ka ibẹ̀ yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ nígbà yẹn ń wá bí yóò ṣe sáré sí i. Bàbá yìí náà wá eré, ṣùgbọ́n ó rò ó pé eré kò wúlò bí ẹ̀rọ kò bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Ẹ̀rọ tí ó dúró kò tijú, ó ń pe ènìyàn ni.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò dùn. Ilé iṣẹ́ Mitsui rí ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n bá a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1899. Ọjà kò tà, ó kúrò níbẹ̀. Ní 1903, ó ṣe ẹ̀rọ tí ń pààrọ̀ ọkọ̀ ìhunṣọ fúnra rẹ̀ nígbà tí òwú inú rẹ̀ bá tán, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ fún ìdánwò ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, kò ṣe dáadáa tó ti òyìnbó. Òun kọ́ ni ó ṣe àbójútó bí wọ́n ṣe kàn án, òun kọ́ sì ni ó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ó fi ìyẹn kọ́gbọ́n pé kò ní jẹ́ kí ohun tí òun ṣẹ̀dá kúrò lọ́wọ́ òun mọ́ kí òun tó lò ó fúnra òun fún ìgbà pípẹ́. Ní 1907, àwọn olówó tún gbà á níyànjú, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Ní 1910, owó kò wọlé dáadáa, wọ́n sì ní owó tí ó ń ná sórí ìwádìí ń pa àwọn lára. Wọ́n ní kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri, òun sì wà níta.

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 43 ni. Ó wo àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ibẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rọ wọn kò dára ju tirẹ̀ lọ bí ó ti ń bẹ̀rù, ó sì tún rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú títì. (Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀: nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọkọ̀ tí ń gbé òwú kọjá àti ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn. Ẹbí Toyoda bẹ̀rẹ̀ láti orí èkínní bọ́ sí orí èkejì, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ Yorùbá.) Ní New York, ó bá Takamine Jokichi pàdé, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Japan tí orúkọ rẹ̀ ti kàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Takamine fún un ní ìyànjú pé kí aṣẹ̀dá má ṣe yọwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí tí yóò fi wúlò fún aráyé. Ó gba Yúróòpù padà sílé, ó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1911.

Ọdún yẹn náà ni ó kọ́ ilé ìhunṣọ tirẹ̀ sí Nagoya. Ìdí tí ó fi kọ́ ọ yàtọ̀ sí ti àwọn olówó: ó fẹ́ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ti máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ níwájú rẹ̀, kí ó lè máa rí ohun tí ń bàjẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni pé òwú ni. Òwú tí wọ́n ń rà kò dọ́gba, ó ń já, bí ó bá sì já, ẹ̀rọ á dúró, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ẹ̀rọ tí ń dúró ní gbogbo ìgbà ń sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tí owó ń dùn yóò kàn yọ irin tí ń dá a dúró ni. Sakichi kò yọ ọ́. Ó tọ òwú náà lọ sí orísun rẹ̀: ní 1914, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni òwò rẹ̀ ti gbé pẹ́ẹ́lí, pàápàá nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ní 1918, ó di kọ́ḿpìnnì ìrànwú àti ìhunṣọ Toyoda. Ní 1921, ó ní ilé iṣẹ́ ní Shanghai náà.

Kiichiro, ọmọ tí ìyá fi sílẹ̀, ti ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ní Tokyo, ó sì wá ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Type G parí ní 1924, ọwọ́ ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀ bí ti bàbá. Ẹ̀rọ yìí ń pààrọ̀ ọkọ̀ ìhunṣọ tí òwú rẹ̀ tán láì dín eré kù. Òwú bá já, ó dúró. Òṣìṣẹ́ kan lè bójú tó 30 sí 50 lára rẹ̀. Kì í wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá dúró ni yóò lọ bá. Ní 1926, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kariya láti máa kàn án fún títà.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ oyin. Ta ni òṣìṣẹ́ kan yẹn? Ọmọbìnrin ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé, tí ń gbé nínú yàrá ọgbà ilé iṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ òwú Japan ayé ìgbà náà, iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá, méjìlá, tọ̀sán tòru, ni àwọn ọmọbìnrin ń ṣe. 1929 ni òfin tó dá iṣẹ́ òru wọn dúró. Bí ẹnì kan bá ń bójú tó 40 ẹ̀rọ, a jẹ́ pé àwọn yòókù ti kúrò. Ọmọ tí ó fi òfì dín wàhálà ìyá rẹ̀ kù dàgbà tán, ó di olówó tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dín iye òṣìṣẹ́ kù. Òótọ́ ni méjèèjì. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú tí ilé iṣẹ́ Japan ń hun sì dé ọ̀dọ̀ wa níbí: ó kún ọjà ilẹ̀ àmúnisìn débi pé ní 1934 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dín iye èyí tí ó lè wọlé kù, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó kàn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ohun tí ó dára. Platt Brothers ti Oldham, tí ẹ̀rọ wọn kún inú ilé iṣẹ́ òwú Japan látijọ́, ni ó wá ra ẹ̀tọ́ Type G ní òpin ọdún 1929. Àdéhùn náà jẹ́ 100,000 pọ́n-ùn. Kiichiro fúnra rẹ̀ ni ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Sakichi kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1930, ní ẹni ọdún 63. Ó ti fi yé ọmọ rẹ̀ pé òun ti ṣe ti òwú, kí òun náà ṣe ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní 1933, wọ́n yà apá kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ, ní 1937 ó dá dúró.

Ẹ̀yin onífonọ́lọ́jì, èyí wà fún yín. Toyoda ni orúkọ ìdílé wọn, ó túmọ̀ sí oko ìrẹsì tí ó lọ́ràá. Ní 1936, nígbà tí wọ́n ń wá àmì ìdánimọ̀ fún ọkọ̀ náà, wọ́n yí d padà sí t. Wọ́n ní kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn náà dún mọ́ etí jù, yíyọ àmì ìkùnyùn sì mú kí iye ìlà tí a fi ń kọ ọ́ di mẹ́jọ, nọ́ńbà orí ire ní ilẹ̀ wọn. Ohùn kan péré, orúkọ ìdílé di orúkọ ọjà.

Àmọ́ báwo ni èyí ṣe kan ìtọ́jú ẹ̀rọ alájùmọ̀ṣe? Ní 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Taiichi Ohno, gba iṣẹ́ ní ilé ìrànwú àti ìhunṣọ Toyoda. Ó bá àwọn ẹ̀rọ tí ń dúró fúnra wọn níbẹ̀. Ní 1943, ó bọ́ sí apá ọkọ̀, ó sì gbé èrò náà dání. Òun ni ó sọ bíbéèrè ìdí ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún di olókìkí, èyí tí ilé iṣẹ́ náà ń fi sórí Sakichi. Àpẹẹrẹ tí Ohno máa ń lò dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ dúró: fíùsì jó. Kí ló dé tí ó jó? Iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹ̀rọ, nítorí pé bẹ́árìn gbẹ. Kí ló dé tí ó gbẹ? Pọ́ǹpù kò fa ọ́ìlì tó. Kí ló dé? Irin inú pọ́ǹpù ti jẹ. Kí ló dé? Wọ́n kò fi asẹ́ sí i, èérún irin ń wọlé. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ fíùsì tí ó sì lọ sílé, yóò padà wá pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù tí ń bọ̀.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Japan kọ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ ṣáájú kí ó tó bàjẹ́ láti Amẹ́ríkà. Nínú èyí, iṣẹ́ pín sí méjì: ẹnì kan ń lo ẹ̀rọ, mẹkáníìkì ń tọ́jú rẹ̀. Nippondenso, tí ń ṣe ohun èlò iná ọkọ̀, tí ó ya kúrò lára Toyota ní 1949, ni ó fọ́ ògiri yẹn. Kariya ni ibùjókòó rẹ̀, ìlú kan náà tí wọ́n ti ń kan Type G. Láti 1969, wọ́n ní kí ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ máa nù ún, kí ó máa fi ọ́ìlì sí i, kí ó máa dè bọ́ọ̀tù tí ó bá tú, kí ó sì sọ ohun tí ó bá rí. Kí mẹkáníìkì gbájú mọ́ iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn yòókù. Ní 1971, wọ́n gba ẹ̀bùn ìtọ́jú ẹ̀rọ ti ilẹ̀ wọn, Seiichi Nakajima sì tan ìlànà náà kálẹ̀. Nínù kì í ṣe ìmọ́tótó lásán níbẹ̀. Ọwọ́ tí ó ń nù ni yóò kọ́kọ́ kan ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, ibi tí irin ti gbóná jù, ibi tí ó ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ tí ń gbọ́ nǹkan, ti ìyá tó ń hun aṣọ, ni wọ́n tún fi padà sí ìdí ẹ̀rọ.

Nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2022, mo ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di nǹkan sínú ọ̀rá. Òfin wà níbẹ̀ pé ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ohùn ẹ̀rọ wa yí padà. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Bọ̀dá tí ń lò ó gbọ́ ọ ṣáájú gbogbo wa, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, iye tí a fẹ́ dì kò tíì pé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ já. Wọ́n yọ nínú owó Bọ̀dá. Mo ń kọ ìtumọ̀ àwọn ìlànà yìí, òun ni mo ń fojú inú rí tí ó ń kà á.

Ilé iṣẹ́ tí Sakichi kọ́ ní 1911 ní Nagoya ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, láti 1994. Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, mi ò lo aládàáṣiṣẹ́ fún irú wọn. Mo kọ amàṣìṣedúró. Olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ mi fi bírò pupa yí i ká, wọ́n ní ó ti gùn jù, pé ta ni yóò máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń rò ó. Ní Ọjọ́rú tí ń bọ̀, mò ń lọ bá Bọ̀dá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun, kí n bi í léèrè ohun tí òun á pè é.